Àga fún Bàbá Eléyín

Eyín ni olùkọ́ náà kọ́kọ́ rí. Odindi eyín ẹnu kan, tòkè tilẹ̀, lórí erìgì pupa, tí wọ́n gbé ka orí áńkáṣíìfù funfun láàárín òòlù àti rúlà. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń kọ́ni ní yàrá iṣẹ́ ọwọ́ ilé ìwé yẹn. Kò rí irú rẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn eyín ló tó rí ẹni tó gbé e wá.

Obìnrin kan ni, ó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù. Ìyẹ̀fun funfun wà ní irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ti sáré, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pariwo, àwọn kan ti gun orí ìjókòó. Ó dúró láàárín ariwo náà bí ẹni tí òjò ká mọ́ ojú ọ̀nà, tí kò sì bá òjò jà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, sà," ló wí. "Ilé ìwòsàn eyín tó wà lódìkejì títì ni mo ti ń bọ̀. Èmi ni mò ń ṣe eyín àtọwọ́dá níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń dán an ti kọṣẹ́. Wọ́n ní ẹ ní ọ̀kan."

"A ní. Ta ló ni eyín?"

"Ìyá àgbà kan ni. Ó jókòó sọ́dọ̀ wa báyìí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ti ìdálẹ̀ bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Ó ní ó di ọdún méje tóun ti rí i gbẹ̀yìn, òun ò ní fi erìgì kí i káàbọ̀."

Olùkọ́ gbé eyín òkè. Ó yí i padà, ó fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó máa ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kó tó gé e ni. Nígbà tí kò bá sí nítòsí, Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é.

"Ẹ ò tíì fá a tó," ló wí. "Abẹ́ yìí ṣì rí págunpàgun."

"Abẹ́ yẹn la kì í fá, sà. Òun ló ń lẹ̀ mọ́ erìgì. Tí ẹ bá dán an, á máa yọ̀ lẹ́nu ìyá yẹn bí ọṣẹ."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ara wọn lójú. Wọn ò rí i rí kí ẹnikẹ́ni tún ọ̀rọ̀ olùkọ́ ṣe. Olùkọ́ wo abẹ́ eyín náà. Ó wo obìnrin náà. Ó yíjú sí àwọn ọmọ.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ló wí.

Ọgbọ̀n bírò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì ó padà wá dúpẹ́.

"Ìyá àgbà ńkọ́?" ni olùkọ́ bi í.

"Ó ti di ológun, sà. Ó bu ọmọ rẹ̀ jẹ níka, kó lè gbà pé eyín wà níbẹ̀ lóòótọ́."

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó rí i sọ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Àwọn yẹn ní irọ́ ni.

Ó ní kí obìnrin náà wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó tún wá ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Àǹtí Eléyín, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ó máa ń jókòó sẹ́yìn nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ́ni. Ó gbọ́ nígbà tó ń kọ́ wọn pé irú ike méjì ló wà. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bí iná bá kàn án yóò rọ̀, bó bá tutù yóò gan, o sì tún lè mú un rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdérí ike omi nìyẹn, àti kẹ́ẹ̀gì. Èkejì wà tó jẹ́ pé bó bá ti gan, ó gan náà nìyẹn. Ọwọ́ ìkòkò dúdú jẹ́ irú rẹ̀. Iná lè sun ún, kò lè mú un rọ̀.

Ó tún rí ọ̀rọ̀ kan lókè pátákó, tí wọn kì í nù kúrò: *Ta ni yóò lò ó? Lọ bi í.* Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ṣe ife, olùkọ́ á ní kó lọ bá ẹni tí yóò fi mu omi. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìbéèrè, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í dúró. Ó ṣe ife elétí méjì fún ìyá bàbá rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló tún un ṣe. Olùkọ́ kò yìn ín títí dìgbà tí ìyá àgbà náà fi mu omi tán tí kò dà á sáyà.

Eléyín rí gbogbo èyí. Àwọn ọmọ sì ṣàkíyèsí pé ní Ọjọ́bọ̀, olùkọ́ ti ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí kò ní gọ́ọ̀mù lára.

Ó máa ń sìn ín dé ibùdókọ̀ bí ilé ìwé bá parí.

"Ẹ dákun, sà, ṣé báyìí náà lẹ máa ń dákẹ́ ni?"

"Mò ń gbọ́ tiyín."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti wọ̀n mí?"

Olùkọ́ mọ̀ pé àṣírí orúkọ Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì ti tú. "Ẹ̀ẹ̀mẹta," ló wí.

"Kí lẹ wá rí?"

"Kò sí ibi tí mo fẹ́ gé."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín sí èyí. Ó ń wo iwájú. Bọ́ọ̀sì tó yẹ kó wọ̀ dé, ó jẹ́ kó lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti pè é ní sà mọ́.

Lẹ́yìn oṣù méje, olùkọ́ sọ fún un pé òun fẹ́ fi í ṣe aya. Ibùdókọ̀ kan náà ni. Ó sọ ọ́ tààrà, láì fi ọ̀rọ̀ kankan ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Eléyín di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú gbogbo èèyàn.

"Èmi fẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó ku bàbá mi. Èmi nìkan ló kù pẹ̀lú rẹ̀ nílé. Mi ò lè ṣe é lẹ́yìn rẹ̀, ìfẹ́ mi. Tó bá ní rárá, rárá náà ni."

"Kí ló lè mú un sọ rárá?"

"Káfíńtà ni," ni Eléyín wí. "Àga ike ló pa iṣẹ́ rẹ̀."

Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ méjì ti lọ sílé ọkọ. Ẹ̀yìn ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Nígbà tí wọ́n dé, ó fi ìdí ti etí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀, ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dìde, kò sì ní kí wọ́n jókòó.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Olùkọ́ ni mí, bàbá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ."

"Igi?"

"Igi díẹ̀, sà. Ike ló pọ̀ jù."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àbíkẹ́yìn, nínú gbogbo ọkùnrin ayé, oníke lo rí mú wá?"

"Bàbá mi, oníke lèmi náà. Ike ni mo fi ń ṣe eyín."

"Ẹnu èèyàn lò ń kó tìẹ sí. Iwájú ilé mi ni wọ́n ń kó tirẹ̀ gbà kọjá, ogún lórí ara wọn bí abọ́, títí àwọn oníbàárà mi fi tẹ̀ lé wọn lọ."

"Èmi kọ́ ni mo ṣe wọ́n, sà," ni olùkọ́ wí.

"Àwọn tó máa ṣe wọ́n lò ń kọ́."

Olùkọ́ mi orí pé òótọ́ ni. Bàbá rí i pé kò wá àwáwí. Ó gbé ayùn sílẹ̀.

"Òfin kan ló wà nílé yìí," ló wí. "Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ mi á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àga kan wá, màá sì jókòó lé e. Bàbá ìyàwó mi jókòó lé tèmi. Ọkọ àkọ́bí mi gbé tirẹ̀ wá, ẹsẹ̀ kan kúrú, ṣùgbọ́n òun ló kàn án. Ọkọ ìkejì lọ ra tirẹ̀ lọ́jà. Mo ní kó gbé e padà. Oṣù mẹ́rin ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ayùn."

"Ṣé mo lè fi ike ṣe tèmi, sà?"

Eléyín di ojú rẹ̀.

Bàbá wo olùkọ́ látòkè délẹ̀. "Fi amọ̀ ṣe é tó bá wù ẹ́. Ìdí mi ni yóò dá a lẹ́jọ́."

Ìdérí ike omi ni olùkọ́ fi ṣe é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá a ṣa wọ́n jọ, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ ní àwọ̀ àwọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ̀ wọ́n. Ó yọ́ wọn nínú ófùnù, ó tẹ̀ wọ́n pẹrẹsẹ. Ó tún gbé abala ike náà padà sínú ófùnù títí ó fi rọ̀ bí awọ, ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí igi tó ti gbẹ́ sí ìrísí ìdí àti ẹ̀yìn ènìyàn. Páìpù irin ló fi ṣe ẹsẹ̀.

Ìbéèrè dúró tì í.

"Sà, báwo lẹ ṣe mọ bó ṣe yẹ kó ga tó?"

"Ìwọ̀n wà nínú ìwé."

"Ẹ ò bi bàbá náà ni?"

Olùkọ́ kò gbé ojú sókè. "Bàbá yẹn kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè."

Ọmọbìnrin náà wo òkè pátákó, ó wo olùkọ́, ó sì lọ jókòó. Olùkọ́ mọ̀ pé ohun tóun sọ kò dára. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù bàbá náà ń bà á. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àga náà dára. Àwọ̀ búlúù ni, àwọ̀ funfun àti àwọ̀ ewé sì fọ́n ká ara rẹ̀. Ó lọ sílẹ̀, ó jinlẹ̀, ó ká ẹ̀yìn bí àtẹ́lẹwọ́.

Àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló gbé e lọ. Bàbá yí i po. Ó fi ìka kàn án. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀ kó lè rí bí wọ́n ṣe so ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi àtàǹpàkò pa ojú ibẹ̀.

"Ìdérí omi lèyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó mọ́ lójú."

Lẹ́nu bàbá náà, ìyìn ńlá nìyẹn. Eléyín fi ìgúnpá gún olùkọ́ ní ẹ̀gbẹ́. Bàbá gbé àga náà dìde. Ó wo bó ṣe ga tó. Ó wò ó pẹ́.

Ohun kan wà tí ọmọ rẹ̀ kò mọ̀. Ó ti di ọdún méjì tí orúnkún bàbá kò ti lè gbé e dìde lórí àga. Àga mẹ́fà ló wà nínú ilé náà, òun ló kàn wọ́n, kò sì jókòó lé ọ̀kankan. Etí tábìlì iṣẹ́ ló ń fìdí tì. Ó ti fi pákó gbé ibùsùn rẹ̀ sókè, ó ní nítorí eku ni. Bí wọ́n bá fún un ní ìjókòó níbi tí èèyàn pọ̀ sí, á ní òun fẹ́ràn ìdúró. Gbogbo èèyàn sì ń yìn ín pé agbára rẹ̀ ṣì pé.

Ó lè sọ pé òun kò jókòó. Ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ló fi pa òfin náà.

Ó jókòó.

Àga náà bá a lára mu. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti ń ro ó láti ìgbà pípẹ́ rí ibi fara tì. Ó di ojú. Eléyín ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ó tẹ́ yín lọ́rùn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ dìde, bàbá mi, ẹ jẹ́ ká wọlé lọ jẹun."

Bàbá fi ọwọ́ lé orúnkún. Kò dìde. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ìdí rẹ̀ yọ̀ padà sínú àga. Kò sí apá tí yóò dì mú lára àga náà. Òógùn yọ lójú rẹ̀. Olùkọ́ súnmọ́ ọn, ó na ọwọ́.

"Má fọwọ́ kàn mí!"

Níkẹyìn, ó yọ́ kúrò lórí àga sílẹ̀. Ó fi orúnkún wọ́ dé ibi tábìlì iṣẹ́, ó dì í mú, ó fa ara rẹ̀ dìde. Eléyín sáré sí i. Bàbá jágbe mọ́ ọn.

"Ike ń yọ̀!" ló wí. "Ṣé ẹ rí i? Ẹ gbé e kúrò níwájú mi. Ìwọ oníke, tẹ̀ lé e."

Eléyín gbà pé ike ló yọ̀, nítorí ohun tí bàbá fẹ́ kó gbà nìyẹn. Olùkọ́ kò gbà. Ó ti rí bí arúgbó náà ṣe fi ọwọ́ ti orúnkún lẹ́ẹ̀mejì, tí orúnkún náà kò gbé e.

Níta, inú ń bí Eléyín.

"O mọ̀ pé yóò máa yọ̀. Kí ló dé tí o ò fi nǹkan bò ó?"

"Kì í ṣe yíyọ̀ rẹ̀."

"Kí wá ni?"

Olùkọ́ la ẹnu. Ó rántí arúgbó náà lórí orúnkún. Ẹni tó wọ́ nílẹ̀ kí àṣírí rẹ̀ má bàa tú, kì í ṣe ẹnu olùkọ́ ni yóò ti tú.

"Èmi ló jẹ̀bi," ló wí. "Mi ò bi í."

"O ò bi í ní kí ni?"

Olùkọ́ gbé àga náà lé èjìká. Eléyín dúró dìgbà tí ó fi rí i pé olùkọ́ kò ní dáhùn, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ní Ọjọ́ Ajé, olùkọ́ gbé àga náà sí iwájú kíláàsì. "Àga yìí kò dára," ló sọ fún wọn. "Mo ń bẹ̀rù ẹni tí yóò jókòó lé e, mo bá bi ìwé dípò rẹ̀." Ìbéèrè kò sọ nǹkan kan. Ó jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ní Ọjọ́rú, lásìkò tí Eléyín wà níbi iṣẹ́, ó lọ sọ́dọ̀ bàbá. Téèpù nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lo tún wá ṣe?"

"Ìbéèrè kan ni mo wá bi yín, sà."

"Bi í, kí o máa lọ."

"Báwo ló ṣe yẹ kí àga ga tó, kí ẹ tó lè dá dìde?"

Ayùn dúró lórí igi. Arúgbó náà wo ẹnu ọ̀nà.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni."

"Àbíkẹ́yìn ńkọ́? Kò bi ẹ́ ni?"

"Ó bi mí. Mo dákẹ́. Inú ń bí i."

Bàbá nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Tó bá mọ̀," ló wí, "kò ní kúrò nílé yìí mọ́. Á ní òun fẹ́ tọ́jú mi. Mo mọ ọmọ tí mo bí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ẹsẹ̀ mi ni yóò di ọkọ rẹ̀."

"Mo gbọ́, sà."

"O ò ní sọ fún un."

"Mi ò ní sọ."

Arúgbó náà wò ó. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí òkìtì pákó kan ní kọ̀rọ̀. "Kó àwọn yẹn wá."

Wọ́n to pákó lé ara wọn. Bàbá jókòó, ó gbìyànjú, kò dìde. Olùkọ́ fà á dìde, ó fi ọ̀kan kún un. Wọ́n ń fi kún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dìde láì di nǹkan mú. Olùkọ́ wọn gíga pákó náà. Ó tún un wọ̀n.

"Ṣé o rò pé ó ti kúrú láàárín ìgbà yẹn ni?" ni bàbá bi í.

Ọjọ́rú mẹ́fà ló fi lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ibi tí apá àga yóò wà, kí ọwọ́ lè tì í. Wọ́n wá bí ìjókòó yóò ṣe jìn mọ, kí ẹsẹ̀ má baà jìnnà sí ilẹ̀. Wọ́n jà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Igi ni yóò jẹ́," ni bàbá wí. "Èmi ni màá gbẹ́ ẹ."

"Òfin ní kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe é, sà."

"Òfin ta ni?"

"Tiyín."

"O fẹ́ fi òfin mi bá mi jà nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Gbé ayùn yẹn, jàre, kí n wo bí o ṣe ń fà á."

Eléyín kò mọ gbogbo èyí. Ohun tó mọ̀ ni pé ní ọ̀sán Ọjọ́rú, wọn kì í rí olùkọ́, àti pé eruku kan máa ń wà létí ṣòkòtò rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó bi í lójú ọ̀nà ibùdókọ̀.

"Níbo lò ń lọ ní Ọjọ́rú?"

"Mi ò lè sọ."

"Obìnrin ni?"

"Rárá o."

"Sọ ọ́ nígbà náà, ká jọ rẹ́rìn-ín."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi, Eléyín mi. Tó bá jẹ́ tèmi, wàá ti gbọ́."

Eléyín yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ti olùkọ́. "Bàbá mi ò sọ nǹkan kan fún mi nílé. Ìwọ náà ò sọ nǹkan kan fún mi níta. Ṣé láàárín odi méjì ni mo máa gbé ayé mi?"

Bọ́ọ̀sì dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wọ̀ ọ́.

Kò wá sí ilé ìwé ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sì wá ní èkejì. Àwọn ọmọ ń wo ẹnu ọ̀nà. Olùkọ́ rìn dé ilé ìwòsàn eyín lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó rí i lójú fèrèsé. Eléyín tẹ orí ba, ó ń to eyín sínú ìda lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì wú díẹ̀ bí ojú ẹni tó sunkún. Gbólóhùn kan péré ni yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Olùkọ́ dúró. Ó yí padà.

Ní Ọjọ́rú kẹfà, àga parí. Olùkọ́ de bóòtù tó gbẹ̀yìn.

"Bàbá," ló wí, kò wò ó lójú, "mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ọmọ yín."

"Sọ fún un nígbà náà."

"Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ. Ẹnu yín nìkan ló ti lè gbọ́ ọ."

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó kí bàbá, ó lọ. Arúgbó náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àga náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ igi pupa tó ti tọ́jú láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé. Ìjókòó rẹ̀ jẹ́ ìdérí omi. Kò rò rí pé àwọn méjèèjì lè jọ dúró.

Ó ń ro ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Òun ń pa àṣírí mọ́ kí ọmọ òun lè rí ọkọ. Àṣírí yẹn gan-an ló ń lé ọkọ náà lọ.

Kí Eléyín tó jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bàbá pè é.

"Àbíkẹ́yìn, wá wo nǹkan."

Ó jókòó lé ọ̀kan nínú àga mẹ́fà tí ó kàn fúnra rẹ̀. "Wàyí o, wò mí," ló wí. Ó gbìyànjú láti dìde. Kò lè dìde. Ó tún gbìyànjú, kò fi ojú pa mọ́ fún un. "Ọdún méjì," ló wí. "Kì í ṣe pé ike yọ̀. Wá fà mí dìde."

Eléyín fà á dìde. Bàbá mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí aṣọ lórí àga tuntun. Ó jókòó lé e. Ó fi ọwọ́ lé apá rẹ̀, ó tì í, ó dìde. Òun nìkan. Ó tún jókòó, ó tún dìde.

"Ta ló ṣe é?" Eléyín mọ̀ kó tó parí ìbéèrè náà. "Ọjọ́rú," ló wí, ó sì bú sẹ́kún. "Ó mọ̀. Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó má sọ." Bàbá dúró ṣinṣin níwájú ọmọ rẹ̀. "Mo ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó padà wá bi mí ní ohun tó yẹ kó ti bi mí. Mo jókòó lé àga rẹ̀, mo sì dìde. Òfin ti pé. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: tí o bá ní o ò lọ mọ́ nítorí orúnkún mi, àáké ni màá fi la àga yìí."

"Bàbá mi, ẹ ò lè la ike."

"Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ, jàre."

Kò lọ síbi iṣẹ́ tààrà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ilé ìwé, kíláàsì kún, ojú sì tì í. Ó padà wá lẹ́yìn tí wọ́n ti jáde lọ́sàn-án. Olùkọ́ nìkan ló wà ní yàrá iṣẹ́, ó ń gbálẹ̀. Ó rí i, ó dá ọwọ́ dúró.

"Mo rí i tó dìde," ni Eléyín wí.

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Mi ò lè kà á. Ó ń ṣe é bí ọmọdé. Ó ti pe aládùúgbò wá wò ó."

Olùkọ́ jókòó lórí tábìlì. Eléyín wá dúró níwájú rẹ̀, ó gbọn eruku kúrò ní èjìká rẹ̀.

"Mo sọ̀rọ̀ burúkú sí ẹ lójú ọ̀nà."

"O sọ òótọ́. Odi ni mí díẹ̀."

"Tí nǹkan tìẹ bá ń dùn ọ́ lọ́jọ́ iwájú, ìfẹ́ mi, ṣé wàá sọ ọ́ fún mi, àbí màá ní láti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi?"

Olùkọ́ ronú sí i. Kì í fi ìlérí ṣeré.

"Màá sọ ọ́," ló wí. "Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ náà ni màá sọ ọ́."

"Mo gbà."

"Níbo lo fẹ́ ká máa gbé?"

Eléyín wo ojú fèrèsé. Kò sí ẹni tó bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí.

"Ibi tí bàbá mi lè fẹsẹ̀ rìn dé," ló wí. "Tí kò ní àtẹ̀gùn. Tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì máa ń wọlé dáadáa, nítorí iṣẹ́ mi."

"Ilé kan wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n kọ 'yàrá ṣófo' sára ògiri rẹ̀."

"Àtẹ̀gùn ńkọ́?"

"Kò ní. Mo ti lọ wò ó."

"Ìgbà wo?"

"Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí o ò bá mi sọ̀rọ̀."

Eléyín fi iwájú orí rẹ̀ ti tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ ti fèrèsé yàrá iṣẹ́ náà, Eléyín ti òsì, olùkọ́ ti ọ̀tún, wọ́n sì jáde lọ wo ilé kí oòrùn tó wọ̀.